Ìgbà wo ló yẹ kí a dín ìdáná àjùmọ̀ṣe kù lẹ́yìn omíyalé, kí owó tó kù lọ sí àtúnkọ́ ilé?

Akọ̀wé Àgbájọ béèrè:

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Mo ń kọ̀wé yìí lórúkọ ìgbìmọ̀ kékeré kan tí àwọn ará àdúgbò wa yàn lẹ́yìn tí odò kún bo ilé tó lé ní 200. Láti ìgbà tí omi ti fà ni a ti ń dáná fún gbogbo ènìyàn ní ojú kan, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, pẹ̀lú agbára àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni àti ohun tí àwọn ọlọ́rẹ-àánú fi ránṣẹ́. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, nítorí náà kò sí ẹni tó jiyàn nígbà tí a bẹ̀rẹ̀.

Ní báyìí, ìgbìmọ̀ ti pín sí méjì. Apá kan ní kí a máa dáná lọ títí gbogbo ènìyàn yóò fi padà sílé. Apá kejì ní owó tó kù lọ́wọ́ wa kò pọ̀, pé bí a bá jẹ ẹ́ tán, abẹ́ àgọ́ ni òjò tó ń bọ̀ yóò ti bá àwọn tí ilé wọn wó. Ẹ̀sùn sì ti ń lọ káàkiri. Àwọn kan ní ẹni tó lágbára láti dúró lórí ìlà ló ń jẹ àjẹyó, pé àṣẹ́kù ló ń kan àwọn arúgbó tí kò lè tètè rìn. Àwọn mìíràn ní àwọn kan wà tí omi kò dé ilé wọn rárá, síbẹ̀ tí wọ́n ń gba oúnjẹ lójoojúmọ́. Ìwé orúkọ tó wà lọ́wọ́ wa kò lè yanjú ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé iye orí nìkan ló wà nínú rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ béèrè nìyí. Àmì wo ni a ó fi mọ̀ pé àsìkò tó láti dín oúnjẹ sísè kù? Ta ló yẹ kó máa gba oúnjẹ lọ lẹ́yìn náà? Ṣé kí a ya owó oúnjẹ àti owó ilé sọ́tọ̀ pátápátá ni, àbí a lè ṣe wọ́n gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan náà? Ìmọ̀ràn ẹni tó ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí ni mo ń wá, nítorí pé ìpàdé tó kàn kò ní pẹ́ dé, n kò sì fẹ́ kí ìjà tú ìgbìmọ̀ yìí ká.

Olùpín Oúnjẹ fèsì:

Ẹ kú iṣẹ́, Akọ̀wé, ẹ sì kú ìrọ́jú. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn àjọ aṣèrànwọ́ pín oúnjẹ, mo sì lè sọ fún yín pé ibi tí ìrànwọ́ bá ti ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ, àríyànjiyàn yìí kì í ṣàìwáyé níbẹ̀. Kò túmọ̀ sí pé ìgbìmọ̀ yín kò dára. Iṣẹ́ tó wà níwájú yín ló ti yí padà, tí ọ̀nà tí ẹ ń gbà ṣe é kò sì tíì yí tẹ̀lé e.

Kí ẹ tó sọ̀rọ̀ owó rárá, ẹ tún ìwé orúkọ ṣe. Ẹ rán ènìyàn méjì-méjì láti ojúlé dé ojúlé àti láti àgọ́ dé àgọ́, kí wọ́n kọ iye ènìyàn tó wà nínú ìdílé kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, àwọn aboyún, àwọn abiyamọ tó ń fún ọmọ lọ́mú, àwọn arúgbó, àwọn aláìsàn àti àwọn aláàbọ̀ ara. Kí wọ́n béèrè bóyá ìdílé náà ní ìkòkò, ohun ìdáná àti omi tó mọ́, bóyá iṣẹ́ tí wọ́n fi ń jẹun ti padà sípò, àti bí ilé wọn ti rí. Lẹ́yìn èyí, kí ẹ lẹ orúkọ àwọn ìdílé mọ́ ibi tí gbogbo ènìyàn yóò ti rí i, kí ẹ sì fún wọn ní ọjọ́ díẹ̀ láti wá ṣàtúnṣe. Aládùúgbò ló mọ ẹni tí a gbàgbé àti ẹni tí a kọ lẹ́ẹ̀mejì. Orúkọ àti iye ènìyàn nìkan ni kí ẹ gbé síta o; àìsàn ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sí lórí bébà tí gbogbo ojú ń kà.

Ìwé yẹn ni yóò jẹ́ kí ẹ lè ṣírò. Àwọn òṣùwọ̀n Sphere, tí àwọn àjọ aṣèrànwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò ní 1997, gbé ìṣirò wọn ka 2,100 kálórì fún ènìyàn kan lóòjọ́. Bí a bá sọ ọ́ di oúnjẹ gbígbẹ, ohun tó sábà máa ń jẹ́ ni nǹkan bíi 400 gíráàmù ọkà, 60 gíráàmù ẹ̀wà tàbí irúfẹ́ rẹ̀, gíráàmù 25 òróró, iyọ̀ tí a fi áyódìn sí, àti ìwọ̀nba ìyẹ̀fun tí a fi èròjà aṣaralóore kún. Fún ìdílé tó jẹ́ ènìyàn 5, ọkà nìkan yóò tó 60 kílógíráàmù lóṣù, ẹ̀wà yóò sì jẹ́ 9. Ẹ fi èyí wé ohun tó wà nínú yàrá ìkẹ́rùsí yín, ẹ ó mọ iye ọ̀sẹ̀ tí oúnjẹ náà lè gbé yín dé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń méfò nínú ìpàdé.

Ní ti àmì tí ẹ béèrè, mo máa ń wo ohun mẹ́rin: ṣé ọjà ti ń ná, tí oúnjẹ sì wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá ní owó, ṣé ìdílé ní ibi tí wọ́n lè dáná sí, ṣé omi tó mọ́ wà, ṣé owó ti ń wọlé fún wọn padà. Oúnjẹ sísè wúlò jù lọ nígbà tí kò sí ìkòkò, tí kò sí iná, tí ilẹ̀ ṣì tutù. Gbàrà tí ìdílé kan bá ti ní ìkòkò àti omi, oúnjẹ gbígbẹ tí yóò tó wọn fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì sàn fún wọn ju àwo oúnjẹ lójoojúmọ́ lọ. Ìyá yóò lè se ohun tí ọmọ rẹ̀ ń jẹ, ní àkókò tí ọmọ náà ń jẹun, bàbá kò sì ní fi ìdajì ọjọ́ dúró lórí ìlà nígbà tó yẹ kó máa tún ilé ṣe. Nítorí náà, ẹ má ṣe dá ọjọ́ kan tí gbogbo ìdáná yóò dúró. Ẹ máa yọ àwọn ìdílé kúrò lórí oúnjẹ sísè díẹ̀díẹ̀ bí ipò wọn bá ti ń yí.

Ọ̀rọ̀ ìlà kò le. Ẹ ya wákàtí kan sọ́tọ̀ fún àwọn arúgbó àti àwọn aboyún ṣáájú gbogbo ènìyàn, kí ẹ sì gbà kí ẹni tí kò lè wá yan ẹni tí yóò bá a gbà á, pẹ̀lú káàdì. Nígbà tí ìmìtìtì ilẹ̀ ba Port-au-Prince jẹ́ ní Haiti ní oṣù Kìn-ín-ní 2010, Àjọ Ètò Oúnjẹ Lágbàáyé pín káàdì fún àwọn obìnrin nìkan ní ibùdó 16, nítorí pé àwọn ọkùnrin alágbára ló ti ń borí lórí ìlà. Àpò ìrẹsì tí wọ́n ń gbà wúwo tó 25 kílógíráàmù. Ẹ ronú nípa bí obìnrin kan yóò ṣe gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ délé láìséwu, kí ẹ sì dì í ní kéékèèké tàbí kí ẹ fún wọn ní ẹni tí yóò sìn wọ́n lọ.

Ní ti àwọn tí omi kò dé ilé wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tètè lé wọn. Ẹni tí omi kò wọlé rẹ̀ lè jẹ́ alágbàṣe ní oko tí omi gbé lọ. Ní Bengal ní 1943, mílíọ̀nù 2 sí 3 ènìyàn ni ìyàn pa, Amartya Sen, ẹni tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ètò ọrọ̀ ajé ní 1998, sì fi hàn pé kì í ṣe àìsí oúnjẹ nìkan ló pa wọ́n: iye owó oúnjẹ ti kọjá ohun tí owó iṣẹ́ àwọn alágbàṣe lè rà. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ máa bi ìdílé kọ̀ọ̀kan ni bóyá wọ́n lè rí oúnjẹ fúnra wọn. Èrò tèmi sì ni pé kí ẹ má ṣe fọwọ́ kan owó ilé títí ìwé orúkọ yóò fi pé.

Nọ́ọ̀sì Àgbà fèsì:

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwọn ọmọdé, nítorí pé wọn kì í sí nínú ìpàdé tí a ti ń pinnu.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá oúnjẹ yín ń tó, ẹ ní kí òṣìṣẹ́ ìlera kan wá fi okùn ìwọ̀n wọn apá àwọn ọmọ tó wà láàárín oṣù 6 sí oṣù 59. Ọmọ tí àyíká apá rẹ̀ kò bá tó 115 mílímítà ti wà nínú àìjẹunrekánú tó le, ilé ìwòsàn ló yẹ kí a gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Èyí tó bá wà láàárín 115 sí 125 nílò àfikún oúnjẹ àti àmójútó. Ìdílé tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wà kò gbọ́dọ̀ kúrò lórí ìwé oúnjẹ, ohun yòówù kí ìgbìmọ̀ pinnu fún àwọn yòókù.

Ẹ má sì ṣe pín mílíìkì ìyẹ̀fun àwọn ọmọ ọwọ́ fún gbogbo ènìyàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín. Lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ Yogyakarta ní Indonesia ní oṣù Karùn-ún 2006, àwọn olùwádìí rí i pé láàárín àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 tí wọ́n gba mílíìkì tí a fi ta wọ́n lọ́rẹ, 25.4 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ìgbẹ́ gbuuru, nígbà tó jẹ́ 11.5 láàárín àwọn tí kò gbà á. Omi tí a fi pò ó àti ìgò tí a kò lè bọ̀ dáadáa ló ń fa irú èyí. Abiyamọ tó ń fún ọmọ lọ́mú ni kí ẹ fún ní oúnjẹ àti omi tó pọ̀ sí i. Ọmọ tí kò ní ìyá, tàbí tí ìyá rẹ̀ kò lè fún lọ́mú, ni kí òṣìṣẹ́ ìlera ṣètò mílíìkì fún, pẹ̀lú àbójútó.

Níbi ìdáná, ẹ jẹ́ kí oúnjẹ tó ń dúró de ìlà máa gbóná ju ìwọ̀n 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ, kí èyí tó ti tutù má sì kọjá wákàtí 2 nílẹ̀. Omi kò gbọ́dọ̀ dín ní lítà 15 fún ènìyàn kan lóòjọ́, fún mímu, fún sísè àti fún wíwẹ̀. Haiti tí a dárúkọ lókè, oṣù Kìn-ín-ní ni ilẹ̀ mì níbẹ̀. Oṣù Kẹwàá ni onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀. Ewu omi kì í bá ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lọ.

Mọlémọlé fèsì:

Mo fara mọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n mi Olùpín Oúnjẹ sọ nípa ìwé orúkọ, ṣùgbọ́n n kò gbà pé kí iṣẹ́ ilé dúró dè é. Ọjọ́ tí omi fà ni iṣẹ́ ilé ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kò sì ná ìgbìmọ̀ ní nǹkan kan ju ọwọ́ ènìyàn lọ: kíkó ẹrẹ̀ jáde, fífọ ilẹ̀, ṣíṣa pákó, páànù àti bíríkì tó ṣì dára sọ́tọ̀ kí òjò tàbí olè má bà á kó wọn lọ. Ògiri tó ti mumi ní láti gbẹ kí a tó rẹ́ ẹ. Ẹni tó bá fi símẹ́ǹtì bo ògiri alámọ̀ tó ṣì tutù ti sé omi mọ́ inú rẹ̀, ògiri náà yóò sì máa yẹ̀ láti inú wá. Kí ẹnikẹ́ni má sì tan iná mànàmáná nínú ilé tí omi wọ̀ títí tí oníṣẹ́ iná yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Nígbà tó bá kan owó, ohun tí mo máa gbà yín níyànjú ni pé kí ẹ má ṣe gba agbaṣẹ́ṣe kan kó wá kọ́ ilé fún gbogbo ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí onílé darí ilé rẹ̀, kí ẹ sì fún un ní owó àti ìmọ̀ràn ní ìpín-ìpín. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ní Gujarat ní India lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ oṣù Kìn-ín-ní 2001. Bẹ́ẹ̀ náà ni Nepal ṣe lẹ́yìn èyí tó ṣẹlẹ̀ ní 25 oṣù Kẹrin 2015, tó pa nǹkan bíi 9,000 ènìyàn. Ìjọba Nepal ya 300,000 rúpì ilẹ̀ wọn sọ́tọ̀ fún ìdílé kọ̀ọ̀kan tí ilé rẹ̀ wó: 50,000 láti fi bẹ̀rẹ̀, 150,000 lẹ́yìn tí enjiníà bá ti yẹ ìpìlẹ̀ wò, 100,000 tó kù nígbà tí ògiri bá ti dé ibi òrùlé. Ẹni tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò dára kò rí ìpín kejì gbà títí yóò fi tún un ṣe. Ètò yẹn dá mi lójú gan-an, nítorí pé ìyẹ̀wò náà ni ilé-ẹ̀kọ́ fún bíríkìlà àti fún onílé.

Àléébù rẹ̀ náà kò ṣeé fi pamọ́. Oṣù Kejìlá 2015 ni wọ́n tó dá àjọ tí yóò darí àtúnkọ́ sílẹ̀, òtútù sì ti bá àwọn ènìyàn nínú ahéré onípáànù. Àwọn tí kò ní ìwé ilẹ̀ pẹ́ kí wọ́n tó rí owó gbà. Ẹ wo àdúgbò yín dáadáa: ayálégbé mélòó ló wà níbẹ̀? Ayálégbé kò ní ilé tí a ó tún kọ́, nítorí náà gbogbo ètò tó bá dá lé onílé nìkan yóò fò ó kọjá, bẹ́ẹ̀ ló sì máa ń jẹ́ òun ló tálákà jù. Ẹ lè bá onílé rẹ̀ dá májẹ̀mú pé bí ìgbìmọ̀ bá ràn án lọ́wọ́ láti tún ilé náà ṣe, kò ní lé ayálégbé náà, kò sì ní fi kún owó ilé fún àkókò kan.

Ohun kejì tó ń dùn mí nínú iṣẹ́ àtúnkọ́ ni bí a ṣe ń tú àwọn aládùúgbò ká. Lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ Kobe ní Japan ní oṣù Kìn-ín-ní 1995, tó pa ènìyàn tó lé ní 6,000, kèké ni wọ́n ṣẹ́ láti fi pín ilé onígbà díẹ̀, wọ́n sì fi àwọn arúgbó ṣáájú. Ìfẹ́ ló mú wọn ṣe é. Ṣùgbọ́n àwọn arúgbó bá ara wọn láàárín àwọn tí wọn kò mọ̀ rí, àwọn kan nínú wọn sì kú nínú yàrá láìsí ẹni tó mọ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Ní Sri Lanka lẹ́yìn omi òkun tó ya lu ilẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2004, ìjọba ní kí ẹnikẹ́ni má kọ́lé láàárín 100 mítà sí etí òkun ní apá kan, 200 mítà ní apá kejì. Àwọn apẹja tí iṣẹ́ wọn wà létí òkun di ẹni tí a kó lọ sí ọ̀nà jíjìn, ilé kíkọ́ falẹ̀, wọ́n sì padà wá dín òfin náà kù. Ilẹ̀ tó léwu wà lóòótọ́, kò sì yẹ kí a tan ara wa lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó ní kí ẹnikẹ́ni kó kúrò, ẹ jẹ́ kí a mọ ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ wà àti àwọn tí yóò bá a kó lọ.

Kí n tó gbàgbé: ẹ fi ọ̀dà sàmì sí ibi tí omi ga dé lára ògiri báyìí, kí ojú ilẹ̀ gbogbo ilé tuntun ga ju àmì náà lọ. Láìpẹ́ ojú àmì náà yóò pa rẹ́, àwọn ènìyàn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn pé omi kò ga tó bẹ́ẹ̀.

Akọ̀wé Àgbájọ tún kọ̀wé:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rọ̀ ayálégbé yẹn wọ̀ mí lára, nítorí pé wọ́n pọ̀ láàárín wa, kò sì sí ìkankan nínú wọn tó wà nínú ìgbìmọ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù. Àwọn kan lára wa ní kí a so oúnjẹ mọ́ iṣẹ́, pé ẹni tó bá bá wa kó ẹrẹ̀ tàbí tún ọ̀nà omi ṣe ni kó gba oúnjẹ, pé báyìí ni oúnjẹ àti àtúnkọ́ yóò fi di ọ̀kan. Ó dùn ún gbọ́, àmọ́ ọkàn mi kò balẹ̀ sí i. Kí lẹ rí sí i?

Olùṣirò Owó fèsì:

Ọkàn yín kò tàn yín, Akọ̀wé. Síso oúnjẹ tàbí owó mọ́ iṣẹ́ ìlú jẹ́ ohun tí Àjọ Ètò Oúnjẹ Lágbàáyé ti ń ṣe tipẹ́, ó sì dára fún iṣẹ́ tí gbogbo ènìyàn ní ìpín nínú rẹ̀, irú bíi ojú omi, ọ̀nà, kànga àti ilé-ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo tí ènìyàn lè gbà jẹun, ẹni tí kò lè gbé ṣọ́bìrì ni ebi yóò pa: arúgbó, aláboyún, ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn, obìnrin tó ń dá tọ́ ọmọ mẹ́rin. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí oúnjẹ ìpìlẹ̀ dúró fún gbogbo ẹni tí ìwé orúkọ bá fi hàn pé kò lè rí oúnjẹ, yálà ó ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́. Kí ohun tí ẹ ó fún àwọn òṣìṣẹ́ jẹ́ àfikún. Iṣẹ́ tí kò gba agbára náà sì wà, bíi kíkọ ìwé, bíbójútó àwọn ọmọdé nígbà tí ìyá wọn bá wà níbi iṣẹ́, àti ìdáná fúnra rẹ̀.

Lórí ìdáná yẹn, kí ló dé tí ẹ kò lè san owó díẹ̀ fún àwọn tó ń sè é? Ó ti rẹ àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni, àwọn tó ń ta oúnjẹ kí omi tó dé sì ti pàdánù iṣẹ́. José Andrés, alásè tó dá World Central Kitchen, àjọ tó ń dáná fún àwọn tí àjálù bá, sílẹ̀ ní 2010, lo àwọn alásè àti ilé ìdáná tó wà ní Puerto Rico fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìjì líle Maria ní oṣù Kẹsàn-án 2017, wọ́n sì pín àwo oúnjẹ tó lé ní mílíọ̀nù 3. Alásè tó ń gba owó níbi ìdáná yín lónìí ni yóò padà sí ìsọ̀ rẹ̀ lọ́la, kò sì ní nílò oúnjẹ yín mọ́.

Ẹ ra oúnjẹ lọ́wọ́ àwọn tó wà nítòsí bí ọjà bá ti ń ná. Ní oṣù Kẹta 2010, Ààrẹ René Préval ti Haiti fúnra rẹ̀ sọ síta pé bí oúnjẹ ọ̀fẹ́ bá ń wọlé láti òkèèrè lọ báyìí, yóò máa bá àwọn àgbẹ̀ àti àwọn oníṣòwò ilẹ̀ náà figagbága. Níbi tí ọjà bá ti gbéra dáadáa, owó lọ́wọ́ ìdílé sàn ju àpò oúnjẹ lọ, nítorí pé ìdílé kan lè ra òróró, ìdílé kejì lè ra ìṣó. Owó yẹn gan-an ni ibi tí oúnjẹ àti àtúnkọ́ ti pàdé ara wọn, kò sì pọn dandan kí ìgbìmọ̀ máa pinnu èyí tó ṣáájú fún olúkúlùkù.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì dá. Kí ni àwọn ọlọ́rẹ sọ nígbà tí wọ́n fi owó náà ránṣẹ́? Bí ẹnì kan bá sọ pé oúnjẹ ni òun fún yín lówó fún, ẹ kò lè fi ra símẹ́ǹtì láìjẹ́ pé ẹ padà béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà sí wọn, ẹ sọ bí nǹkan ti rí. Ọ̀pọ̀ wọn yóò gbà. Ìwé ìṣirò kan ṣoṣo ni kí ẹ ní, pẹ̀lú ojú ìlà méjì, ọ̀kan fún oúnjẹ, ọ̀kan fún ilé. Kí ẹni mẹ́ta máa fọwọ́ sí owó kó tó jáde, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ayálégbé. Ẹ máa lẹ ohun tó wọlé àti ohun tó jáde mọ́ ẹnu ọ̀nà ibùdó ìdáná lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì yan ẹnì kan tí kò sí nínú ìgbìmọ̀ láti máa gba ẹ̀sùn. Bí ènìyàn bá mọ ibi tí yóò mú ẹ̀sùn rẹ̀ lọ, kò ní máa pín in kiri.

Akọ̀wé Àgbájọ tún kọ̀wé:

Ẹ ṣé o. Ohun tí n ó gbé lọ sí ìpàdé ti yé mi wàyí: ìwé orúkọ láti ojúlé dé ojúlé, oúnjẹ gbígbẹ fún àwọn tó ti ní ìkòkò àti omi, ìdáná tí yóò máa lọ fún àwọn tí kò tíì ní, wíwọn apá àwọn ọmọdé, lẹ́tà sí àwọn ọlọ́rẹ, àti ayálégbé méjì nínú ìgbìmọ̀. Mọlémọlé, nígbà tí a bá ń kọ ìwé orúkọ, kí ni kí a béèrè nípa ilé gan-an, kí a má bàa tún padà lọ nítorí rẹ̀?

Mọlémọlé fèsì:

Ẹ béèrè bóyá onílé ni tàbí ayálégbé, àti irú ìwé tàbí ẹlẹ́rìí tó ní lórí ilẹ̀ náà. Ẹ kọ ohun tí a fi mọ ògiri, bóyá amọ̀, bíríkì tàbí pákó, bóyá ìpìlẹ̀ ti ṣípò, ibi tí omi ga dé, àti bóyá òrùlé ṣì wà. Ẹ pín àwọn ilé sí mẹ́ta: èyí tí a lè gbé bó bá ti gbẹ, èyí tó nílò àtúnṣe, àti èyí tó ní láti wó lulẹ̀. Kí bíríkìlà tàbí enjiníà bá yín lọ sí èyí tó kẹ́yìn kí ẹ tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ béèrè iye ènìyàn tó ń sùn nínú yàrá tàbí àgọ́ kọ̀ọ̀kan báyìí. Òṣùwọ̀n tó kéré jù ni 3.5 mítà onígun mẹ́rin fún ẹnì kan. Èyí tó nílò àtúnṣe díẹ̀ ni kí owó yín kọ́kọ́ lọ sí, pàápàá bí arúgbó tàbí ọmọ kékeré bá wà nínú ìdílé náà, nítorí pé owó tí a ó fi kọ́ ilé kan láti ìpìlẹ̀ lè dá ọ̀pọ̀ ìdílé padà sábẹ́ òrùlé wọn kí òjò tó dé. Bẹ́ẹ̀ ni iye àwo tí ẹ ń bù níbi ìdáná yóò ṣe máa dín kù.